Ohun Róbótó Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Àwọn ọmọ ìlú wa tí a jọ wà ní Port Harcourt níbí ti bẹ̀ mí títí. Wọ́n ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Mo ní n kò ní ọ̀rọ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé ògiri lòun fẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó ti di dandan kí n sọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tí ẹ bá kà á dé ìparí.

N kò mọ̀wé. Àṣàkẹ́, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé n'Íbàdàn, tó wá lo họlidé lọ́dọ̀ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ní kí n jókòó. Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa rìn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, kí n máa sọ ọ́.

Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni mo ṣe. Àwọn kan ń gbé sìmẹ́ńtì. Àwọn kan ń gbé ẹja láti Okrika wá sọ́jà. Èmi, ẹrù kọ̀ǹpútà ni mo gbé. Mò ń gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú, láti ìlú yìí lọ sí Èkó, láti Èkó padà síbí, fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún bíi mélòó kan nígbà tí mo dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́ọ̀fù létí omi ni mo ti kọ́kọ́ ń gbé ẹrù, kí ilé iṣẹ́ kan tó ń wá epo rọ̀bì tó gbà mí. Owó tí wọ́n ń san tó jẹun, ó sì tó bímọ lé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ á wọ inú ẹrẹ̀ lọ, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á ri dánámáìtì mọ́lẹ̀, wọ́n á yìn ín. Ilẹ̀ á mì. Ẹ̀rọ á gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe dáhùn, á sì kọ ọ́ sórí téèpù, kí wọ́n lè mọ ibi tí epo wà. Téèpù ọ̀hún rí róbótó, ó fẹ̀ tó àwo tí wọ́n fi ń gbé iyán fún èèyàn mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ńlá tó lè ka ohùn ilẹ̀ náà, Èkó ló wà. Wọn ò lè kó o sínú ikùn ọkọ̀ òfurufú, torí àwọn tó ń kó ẹrù níbẹ̀, jíjù ni wọ́n ń jù ú. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e lé itan.

Ọ̀gá Sàlámì, ará Ọ̀fà, ló ń ṣe iṣẹ́ náà kí n tó dé. Òun ló kọ́ mi. Kò mọ̀wé jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó le bí èkùrọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan téèpù. Ẹyin ló ní kí n máa gbé. Á kó ẹyin tútù sínú báàgì, á ní kí n wọ bọ́ọ̀sì láti Mile One lọ sí Trans Amadi, kí n sì bá bọ́ọ̀sì náà padà. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn dírẹ́bà ìlú yìí ṣe ń wakọ̀. Bí mo bá dé, á tú báàgì lójú mi.

"Ọ̀kan fọ́, Làmídì."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Má bẹ̀ mí. Bẹ ẹyin. Ó yá, jẹ ẹ́."

Èyí tó bá fọ́, tútù ni n ó jẹ ẹ́, lójú rẹ̀, tòun ti èèpo. Mo jẹ ẹ́ débi pé títí di òní, bí wọ́n bá ń dín ẹyin nílé yìí, ìta ni mò ń lọ jókòó. Á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Mo kọ́ bí a ṣe ń fi aṣọ há ẹyin mọ́ra kó má baà mì. Nígbà tó yá, mo lè gbé ẹyin dé Onne, kó má ní ìlà lára.

Ó ní òfin. Á máa kà á fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kéú. Má jẹ́ kó kúrò lára rẹ. Bí o bá fẹ́ tọ̀, gbé e dání. Má gbé e sóòrùn. Má sùn. Èyí tó sì máa ń fi parí: ẹrù méjì kì í gbé inú báàgì kan. Lọ́jọ́ kan ó rí pákò tí mo fi ń rin ẹnu nínú báàgì náà. Pákò lásán. Ó lé mi lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí mo padà dé, mo bi í, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹrù méjì ò lè gbé e?"

Ó ní, "Ṣé wọ́n gbà ọ́ kí o máa béèrè ni? Gbé e bí mo ṣe ní kí o gbé e."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti wá mọ̀ pé òun náà ò mọ ìdí ẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, òun náà sì sọ ọ́ fún mi. Mo rò pé nítorí olè ni, tàbí nítorí igbó àti oògùn tí àwọn èèyàn ń gbé. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́, n kò sì béèrè mọ́. Bí ẹ bá ń kọ́ṣẹ́, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Àṣàkẹ́ ń wò mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní pápákọ̀ òfurufú níbí ni mo ti pàdé Dagogo. Ọmọ Okrika ni, ó gbọ́ Yorùbá, ẹgbẹ́ mi ni, òun ló ń yẹ ẹrù wò kí èèyàn tó wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí èmi nìkan gbé téèpù, ó ṣí ẹnu báàgì, ó wò ó, ó wò mí.

"Wetin be this?"

"Na kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà wo ló rí bí ọmọrí ìkòkò? Open am."

Mo ní n kò lè ṣí i, eruku ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́.

"Bó bá jẹ́ bọ́ǹbù ńkọ́?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ bọ́ǹbù, ṣé orí itan mi ni mo máa gbé e sí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró. Ó lọ fọ ọwọ́, ó nù ún gbẹ, ó wá ki ọwọ́ bọnú báàgì, ó ń tọ́ àwọn téèpù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìyá agbẹ̀bí ṣe ń tọ́ ikùn aboyún. Ó ní, "Go." Láti ọjọ́ náà, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Á rí mi lókèèrè, á kígbe, "Àlájì Kọ̀ǹpútà, wetin dey your bag?" N kò tíì dé Mẹ́kà nígbà náà o. Èmi náà á ní, "Bọ́ǹbù." Á lọ fọwọ́. Ilé iṣẹ́ wa náà kọ̀wé sáwọn ọ̀gá pápákọ̀, wọ́n sì gbà pé ọwọ́ ni kí wọ́n máa fi yẹ ẹrù wa wò.

Nǹkan ń yí padà. Téèpù ń kéré sí i. Dísìkì dé, ó wúwo bí ọlọ, ó ní ìdérí bí abọ́ tí wọ́n ń gbé kéèkì sí. Lẹ́yìn náà ni pátákó kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ, tí irin wínníwínní pọ̀ lára rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kùn. N kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára, òwú tí wọ́n ń so mọ́ wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n: pupa, ó gbọ́dọ̀ dé lónìí, funfun, ó ń padà bọ̀. N kò ṣi ọ̀kan gbé rí. Ọ̀gá Sàlámì fẹ̀yìn tì, ó gbé báàgì náà lé mi lọ́wọ́, ó lọ sí Ọ̀fà. Kò ṣàdúrà fún mi. Ó ní, "Rántí pákò." Ó tán.

Àwọn pápákọ̀ náà ra ẹ̀rọ tiwọn. Àpótí ńlá kan ni. Wọ́n á ti ẹrù wọ inú rẹ̀, inú ẹrù á hàn lójú gíláàsì bíi tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rù àpótí yẹn ń bà wá ní ilé iṣẹ́. Gbogbo wa gbà pé iná inú rẹ̀ máa ń pa téèpù. Ṣùgbọ́n Dagogo ò jẹ́ kí tèmi wọ ibẹ̀. Á lọ fọwọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o. Àṣàkẹ́, bá mi bu omi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Sípíkà mọ́ṣáláṣí wa ní Mile One yadi. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè ṣe é níbí, àfi ọkùnrin kan ní Mushin. Bàbá Lémọ́mù àti àgbààgbà mẹ́ta wá bá mi nílé. Ẹ mọ bó ṣe rí láàárín àwa ará ilé: ẹni tó bá ń rìnrìn àjò, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣófo. Ẹni tó bá ní òun ò lè bá wọn gbé nǹkan, wọ́n á ní ó ti di òyìnbó.

Bàbá Lémọ́mù ní, "Làmídì, ìwọ lò ń fò bí ẹyẹ. Gbé ohùn mọ́ṣáláṣí dání."

Mo ní, "Bàbá, òfin iṣẹ́ mi kò gbà á."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run náà ńkọ́? Ṣé ìyẹn ò ní òfin ni?"

Wọ́n gbé sípíkà sílẹ̀ fún mi. Ìdí sípíkà yẹn nìkan ni, wọ́n ti yọ ẹnu gbàgbàrà rẹ̀ kúrò. Ó rí róbótó, ó dúdú, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ.

Mo fi í sínú báàgì. Mo kó o ti téèpù tí mò ń gbé lọ lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí àwọn èèyàn ṣe nínú ẹrẹ̀. Kó má baà máa lu ara wọn, mo fi fìlà mi há a, mo sún un mọ́ téèpù náà tímọ́tímọ́, bí mo ṣe ń to ẹyin. Ẹ wò ó, ẹ̀sọ̀ tí Ọ̀gá kọ́ mi yẹn náà ni.

Mo dé pápákọ̀. Dagogo ò kígbe lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Dagogo sọ fún un pé ìwé wà fún ẹrù yìí, ọwọ́ la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin náà ní, "Put am for machine."

Dagogo wò mí. "Àlájì, abeg."

Mo gbé e lé e. Ó wọlé. Mo rí ojú Dagogo lára gíláàsì yẹn. Ó dúró gbọnrangandan.

Ó ní, "Wetin be that round thing?"

Tí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á pe ilé iṣẹ́, wọ́n á ní Làmídì ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Ìyẹn tó kí iṣẹ́ bọ́. Mo tún rí Ọ̀gá Sàlámì lójú mi, tòun ti pákò náà.

Mo ní, "Na part of the kọ̀ǹpútà."

"You sure?"

"Na part of am."

Ọ̀rọ̀ mi ni Dagogo gbà. Kò ní kí n ṣí báàgì. Ó so káàdì mọ́ ọn, ó ní kí n máa lọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Ní Èkó, mo gbé sípíkà fún wọn ní Mushin, mo gbé téèpù lọ síbi kọ̀ǹpútà. Ìyáàfin kan ló ń bá wọn kà á níbẹ̀. Ó fi téèpù sí i, ó tẹ́tí, ó fajú ro.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ṣe téèpù yìí? Ó ń ṣe òsúkè."

"Òsúkè báwo, mà?"

"Á sọ̀rọ̀ díẹ̀, á yadi, á sọ̀rọ̀, á tún yadi. Kò wúlò mọ́."

Wọ́n pè mí ní ilé iṣẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní wọ́n tì í wọ inú àpótí ní pápákọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni, n kò mẹ́nu kan sípíkà. Mo tilẹ̀ gbà nínú ara mi pé iná àpótí yẹn ló ṣe é. Wọ́n kọ̀wé sí pápákọ̀. Nígbà tí ìwé dé, ọ̀gá tó ká ọwọ́ gbera yẹn ní òun ò pàṣẹ kankan, Dagogo ló dá a ṣe.

Ìgbà tí mo tún padà lọ sí pápákọ̀, ẹlòmíràn ló wà nídìí ẹrù. Kò fọwọ́.

Mo ní, "Dagogo ńkọ́?"

Ó ní, "Dem don sack am. No be una tape?"

Àwọn òṣìṣẹ́ padà sínú ẹrẹ̀, wọ́n tún iṣẹ́ wọn ṣe. Sípíkà sì ti dé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Gbogbo èèyàn ló ń kí mi, "Làmídì, Ọlọ́run á san án fún ọ." Bí wọ́n bá ti pèrun, ara mi kì í balẹ̀. N kò mọ ìdí ẹ̀ nígbà náà.

Ọdún bíi márùn-ún kọjá kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń sin ìlú ní ilé iṣẹ́ wa ló fẹ́ kọ́ àwa tó ń gbé ẹrù. Ó mú téèpù àtijọ́ kan tí kò wúlò, ó gbé òòfà, irin tó ń fa irin mọ́ra, lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé e kúrò, ó fi téèpù sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó yadi. Ó sọ̀rọ̀, ó yadi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ rí i? Òòfà ló ń pa ohùn téèpù. Bó bá ti ń yí dé ibi tí òòfà fara kàn, á yadi. Àpótí pápákọ̀ tí ẹ ń sá fún yẹn, iná rẹ̀ kì í ṣe téèpù ní nǹkan kan."

Mo ní, "Inú kí ni wọ́n ń fi òòfà sí?"

Ó ní, "Ó pọ̀, Bàbá. Ẹ wo sípíkà. Kò sí sípíkà tí kò ní in."

Mo dìde, mo jáde. Wọ́n rò pé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n mí. Ìdí tí ẹrù méjì kì í fi gbé inú báàgì kan nìyẹn. Bí Dagogo bá ṣí báàgì náà ni, á yọ sípíkà jáde, ẹ̀bi téèpù ò sì ní bọ́ sí i lórí. Irọ́ mi ni kò jẹ́ kó ṣí i.

Mo ṣiṣẹ́ náà sí i fún ọdún díẹ̀. Ẹrù wá kéré débi pé ó ń wọ àpò ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà wọ́n ní wáyà ló ń gbé e lọ báyìí, kò nílò èèyàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé báàgì lọ sílé.

Mo wá Dagogo lọ. Wọ́n ní ó ti wà ní Abuloma, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí omi. Ó rí mi lókèèrè. "Àlájì Kọ̀ǹpútà! Wetin dey your bag?" Ó pe àwọn èèyàn: "Ẹ wá wo ẹlẹ́rìí mi! Ojú ọkùnrin yìí ni ọ̀gá mi ti ní kí n fi báàgì náà sí ẹ̀rọ." Ó fún mi ní ẹja. Mo ń jẹ ẹja náà, n kò lè gbé ọ̀rọ̀ jáde. Mo tún lọ lọ́dún kejì. Ẹja ló tún fún mi. Mo ń lọ lọ́dọọdún, mo ń gbé ẹja bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti èmi ò dákẹ́ nínú mi. Lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni sípíkà yẹn ń pè mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́ṣáláṣí ra sípíkà tuntun. Wọ́n fẹ́ ju èyí tó ti gbó nù. Mo ní kí wọ́n fún mi. Mo gbé e sínú báàgì iṣẹ́ mi. Mo pe Àṣàkẹ́, a wọkọ̀ lọ sí Abuloma.

Dagogo ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì. Ó gbọ́ ohùn mi. "Àlájì Kọ̀ǹpútà, wetin dey your bag?"

N kò sọ pé bọ́ǹbù ni. Mo ṣí i. Mo gbé sípíkà náà sórí tábìlì tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Àwọn nọ́ọ̀tì irin kéékèèké tó wà níbẹ̀ sáré, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: tá, tá, tá.

Ó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bó ṣe máa ń tọ́ téèpù wò nígbà kan.

Ó ní, "Na this be that round thing?"

Mo ní, "Na him."

"Why you no talk?"

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí. Nígbà tí ẹ̀rù tán, ojú ló ń tì mí."

Kò sọ pé kò sí wàhálà. Kò sọ pé ó ti tán. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ gbé àga wá fún mi. Ó ní, "Sit down. Talk am again. From beginning." Mo tún un sọ. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lójú ìyàwó rẹ̀, lójú àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ìwé ni wọ́n fi lé mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀, pé mo ba ẹrù ẹlẹ́rù jẹ́. Mo ṣì ní in. Àwọn ọmọ mi ti kà á. You too, write your own."

Mo ní, "N kò mọ̀wé."

Ó nawọ́ sí Àṣàkẹ́. "This one sabi."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ẹ̀yin ọmọ ìlú mi, ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ mi, mo ti sọ ọ́. Àṣàkẹ́, kọ ìyókù yìí gàdàgbà, kó hàn sí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣe bàìbàì: Dagogo kò ba téèpù jẹ́. Ó bi mí ní ohun tó wà nínú báàgì mi, mo sì parọ́ fún un. Èmi Làmídì ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Gbé íǹkì wá kí n tẹ̀ka sí i. Lẹ́yìn náà, da ọ̀kan kọ fáwọn ọmọ ìlú wa. Èyí tí ìka mi wà lára rẹ̀, Abuloma ló ń lọ. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Èmi ni n ó gbé e lọ lọ́wọ́ ara mi, lórí itan mi, kò sì ní sí nǹkan mìíràn nínú báàgì náà.